Òwú Pupa Lẹ́nu Àpò

Ìyá mi kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí alájàpá tó ń ra èlùbọ́ ní Kàbà láyé ìgbà náà tí kò dá àpò rẹ̀ mọ̀. Òwú pupa ló fi ń rán ẹnu àpò. Á lọ́ ọ ní ìlọ́po méjì, á rán an láti òsì lọ sí ọ̀tún, á ta kókó mẹ́ta sí ìparí rẹ̀, á wá fi eyín já èyí tó ṣẹ́kù. Èmi ni mo máa ń bá a fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, torí ojú tirẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Awakọ̀ tó bá kó ẹrù gba ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀ lọ sí Ìlọrin kì í bèèrè pé ti ta ni èyí. Òwú pupa, kókó mẹ́ta: ó ti mọ ẹni tó ni ín, ó sì ti mọ ẹni tí yóò gbé e fún.

Lọ́dún kan, oníbàárà rẹ̀ kan gbéra láti Ìlọrin wá bá a nílé. Ó gbé ọ̀rá kékeré kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó tú u. Èlùbọ́ tó ti bu ni, kòkòrò ti gbà á. Ó ní, "Ìyá Kàbà, ṣé ohun tí ẹ wá ń tà fún mi nìyí?" Ìyá mi bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní òun kọ́. Obìnrin náà fa òwú pupa yọ nínú àpò ọwọ́ rẹ̀. Ìyá mi gbà á, ó nà án síbi iná, ó kà á. Kókó méjì ni. Ẹnìkan ti rí i pé òwú pupa ń tajà, òun náà ti lọ ra tirẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bó ṣe ń ro ọkà, ó sọ gbólóhùn kan tí mi ò lè gbàgbé: "Ojú mi ni wọ́n gbé lọ tà."

Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi orúkọ tí àwọn tó mọ̀wé ń pe irú olè yìí. Kò sí èyí tó yé mi tó gbólóhùn ìyá mi. Bí wọ́n bá jí owó yín, owó yín ló lọ. Bí wọ́n bá gbé ojú yín lọ tà, ẹni tó fọkàn tán yín ni wọ́n jà lólè, ẹ̀yin ni yóò sì máa wò.

Èmi náà di elélùbọ́. Mo ń ta ẹ̀gúsí àti epo pupa mọ́ ọn, bí oṣù kejì bá sì wọlé, kàsú á dé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìhà Ìjùmú, Yàgbà àti Bùnú lásìkò yẹn mọ bí àpò ṣe máa ń kún ẹ̀bá títì. Ṣọ́ọ̀bù mi kò tóbi. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà mi, orí fóònù ló ń gbà jáde. Oníbàárà á kọ ohun tó fẹ́ sórí WhatsApp, á fi owó ránṣẹ́, èmi á kó ẹrù sọ́kọ̀, màá ya nọ́ńbà ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí i. Ọ̀pọ̀ wọn ò tíì fojú kàn mí rí.

Ọjọ́ Sátidé kan ni fóònù dún. "Okun o, ìyá wa."

Ẹni tí kì í ṣe ará ibí lè má mọ ohun tí ìkíni yẹn ń ṣe lára wa. Òun ló di orúkọ gbogbo wa, Òwé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀. Okun la fi ń kíra, wọ́n wá ń pè wá ní Okun. Bí mo bá wà láàárín èrò l'Ékòó tí mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, ọrùn mi á ti yí kí n tó mọ̀. Nítorí náà, mo ti dá ọmọkùnrin náà lóhùn, mo ti kí i kú ilé kú ọ̀nà, kí n tó bi ara mi pé ta ni. Ó ní àwọn ọmọ ìlú wa tó wà l'Ábùjá ló ní kí òun kó orúkọ àwọn oníṣòwò ilé jọ, pé ọwọ́ wa ni wọ́n ti fẹ́ máa ra oúnjẹ tààrà. Ó mọ orúkọ mi. Ó mọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó mọ̀ pé èlùbọ́ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ó ní nọ́ńbà mẹ́fà kan ti wọ fóònù mi, kí n kà á fún òun kí òun lè fi mí kún wọn. Epo ni mo ń wọ̀n lọ́wọ́. Mo fi èjìká há fóònù mọ́ etí, mo nu ọwọ́ mọ́ ìró, mo ka nọ́ńbà náà fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dúpẹ́ gan-an.

Kí n tó fi ìdérí dé kẹ́ẹ̀gì epo yẹn, WhatsApp ti kúrò lọ́wọ́ mi.

Nọ́ńbà mẹ́fà náà ni kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sórí síìmù nígbà tí ẹnìkan bá fẹ́ ṣí WhatsApp nọ́ńbà yẹn lórí fóònù mìíràn. Ó wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé kí n má fún ẹnikẹ́ni. Mi ò ka iṣẹ́ náà, nọ́ńbà nìkan ni mo kà.

Láàárín wákàtí méjì, ó ti kọ̀wé sí àwọn oníbàárà mi pé báǹkì ń yọ wá lẹ́nu, kí wọ́n san owó sí àkáǹtì mìíràn. Àwòrán mi wà níbẹ̀, ìkíni mi wà níbẹ̀, àní ó máa ń fi "ẹ kú ìnáwó" parí rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe é. Àwọn mẹ́rin sanwó. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦187,000. Nínú rẹ̀, ₦65,000 jẹ́ ti obìnrin kan tí mo ń pè ní Ìyá Ìlọrin. Opó ni, ó ń se oúnjẹ tà lẹ́bàá gáréèjì. Ìyá rẹ̀ ló gbé èlùbọ́ bíbu wá bá ìyá mi lọ́dún náà. Òun ló kọ́kọ́ pè mí lórí ìlà tààrà: "Ìyá Kàbà, mo ti san o. Ọkọ̀ wo lẹ kó o sí?"

Nígbà tí mo rí ohùn, mo bi í pé orúkọ ta ni ó jáde kó tó fi owó náà ránṣẹ́. Ó dárúkọ ọkùnrin kan. Mo ní ṣé kò kọ ọ́ lóminú ni. Ó ní, "Rárá o. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń yí i padà. Mo ní yóò jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí ju owó lọ, torí òótọ́ ni.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni Báǹkì Àpapọ̀ kéde pé àwọn yóò pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2023, ẹ rántí bó ṣe rí. Àtijọ́ kò ṣe é ná, tuntun kò sí, àwọn tó ń ṣe POS ń fi owó ta owó. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí a ṣì máa ná àtijọ́ lọ títí di ìparí ọdún, àmọ́ kí èyí tó dé, gbogbo ọjà ti di kí a fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sì dúró. Bí ti báǹkì mi kò bá lọ, màá ní kí wọ́n fi sí ti ọkọ mi. Bí tirẹ̀ náà bá kọ̀, ó di ti àkọ́bí mi. Nígbà mìíràn, ti ọmọkùnrin tó ń ṣe POS lódìkejì títì ni. Owó máa ń dé, ẹrù máa ń lọ, inú gbogbo wa máa ń dùn.

Ohun tí mi ò rí nígbà náà ni pé mo ń kọ́ àwọn oníbàárà mi lẹ́kọ̀ọ́. Oṣù kan tẹ̀ lé òmíràn, mo ń kọ́ wọn pé orúkọ yòówù tó bá jáde lójú fóònù, tèmi ni. Ìyá mi kò rán ẹnu àpò kankan rí láìta kókó mẹ́ta, bí ilẹ̀ tilẹ̀ ń ṣú tí awakọ̀ sì ń fọn fèrè. Èmi, mo ti fi òwú dúdú rán, mo ti fi funfun rán, mo ti fi okùn ọ̀gbọ̀ rán. Nígbà tí olè dé, kò sí ohun tó kù tí oníbàárà lè fi dá tèmi mọ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀. Bí mo bá sọ pé olè ló kó wọn nífà, ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo sọ.

Lọ́jọ́ náà, ọmọ àbúrò mi tó ń bá mi mójú tó ṣọ́ọ̀bù ló mọ ohun tí a máa ṣe. Ó tún WhatsApp ṣí pẹ̀lú nọ́ńbà mi, kọ́kọ́rọ́ tuntun wọ orí síìmù, nítorí síìmù ṣì wà lọ́wọ́ mi, bó sì ti tẹ̀ ẹ́ wọlé, ti olè já lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n olè náà ti fi PIN tirẹ̀ tì í láti inú, ohun tó yẹ kí èmi ti ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní kí n dúró fún ọjọ́ méje kí n tó lè wọlé láìní PIN náà. Ọjọ́ méje! Nọ́ńbà ọ̀pọ̀ oníbàárà mi, inú ibẹ̀ ló wà. A mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, a ń kọ èyí tí a bá rántí, mo ń pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ohùn mi fi há.

Àwọn mẹ́rin tó sanwó, mo ní kí wọ́n pe báǹkì tiwọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí bí owó bá ṣì wà níbi tó lọ, báǹkì lè bá wọn dá a dúró. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Òfin wà fún un: òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n tún ṣe àtúnṣe sí ní 2024, apá kejìlélógún rẹ̀ dárúkọ ẹni tó bá fi ìdánimọ̀ ẹlòmíràn lu jìbìtì. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Mo gba ẹ̀dà rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ gba tiyín bó bá ṣẹlẹ̀, torí báǹkì yóò bèèrè ìwé náà, bí wọ́n bá sì tún lo orúkọ yín níbòmíràn lọ́la, ìwé yẹn ló máa sọ pé ẹ ti ké síta.

Mo dá ìdajì owó padà fún mẹ́ta nínú wọn. Ti Ìyá Ìlọrin, mo fi èlùbọ́ san án pé.

Nígbà tí ọjọ́ méje pé, tí WhatsApp padà sọ́wọ́ mi, ọmọ àbúrò mi bi mí bóyá mo ti ṣí i sórí ẹ̀rọ mìíràn rí. Mo rántí kọ̀ǹpútà kan. Ilé fọ́tòkọ́pì kan tí mo ti lọ tẹ ìwé iye owó ọjà jáde ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn ló wà. Mo ṣí WhatsApp mi síbẹ̀, wọ́n tẹ ìwé fún mi, mo san owó, mo lọ sílé, mo fi gbogbo ọ̀rọ̀ èmi àti oníbàárà sílẹ̀ níbẹ̀ ní ṣíṣí. Mi ò ní fi ẹnu mi sọ pé ibẹ̀ ni olè náà ti mọ̀ pé èlùbọ́ tuntun wọlé. Mi ò rí wọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, èmi ni mo ṣí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo ra àkàrà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìwé funfun ni wọ́n fi wé e, epo ti mu ún. Bí mo ṣe mú àkàrà kejì, mo rí i pé ojú kan ń wò mí láti inú epo náà. Ọmọbìnrin kan ni, ó di gèlè, èèpo ata kan lẹ̀ mọ́ iwájú orí rẹ̀. Ẹ̀dà fọ́ọ̀mù ni. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀ kó tó lọ sílé ọkọ, nọ́ńbà fóònù, NIN rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ní mọ́kànlá géérégé, ó sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Mo bi alákàrà pé níbo ló ti ń rí ìwé. Ó ní àwọn oní-fọ́tòkọ́pì ló ń tà á fún òun ní ìdì-ìdì, èyí tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́.

Mi ò lè jẹ àkàrà náà mọ́. Mo ń ronú gbogbo ẹ̀dà tí ẹ̀rọ ti bàjẹ́ lójú mi: nígbà tí mo forúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, nígbà tí mo fẹ́ yá owó, nígbà tí mo ṣí àkáǹtì. Ọmọ tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì á fà á yọ, á ní kò mọ́, á jù ú sínú páálí, á tún òmíràn tẹ̀. Èmi á dúró níbẹ̀, màá mú èyí tó mọ́. Mi ò sọ rí pé kó fún mi ní èyí tó bàjẹ́. Báyìí, mo máa ń gbà á, mo sì máa ń dáná sun ún nílé. Èyí tí mo bá sì fún ẹnikẹ́ni, mo máa ń fi bírò kọ ohun tó wà fún àti ọjọ́ rẹ̀ gba àárín ìwé náà kọjá, kó má bàa ṣe é lò fún nǹkan mìíràn.

Àwọn nọ́ńbà wa ti wọnú ara wọn ju bí a ṣe rò lọ. BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báǹkì, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, ó so gbogbo àkáǹtì wa pọ̀. Láti ìparí ọdún 2020 ni wọ́n ti ní kí a so NIN mọ́ síìmù. Síìmù náà ni báǹkì ń fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí, ẹni tó bá sì mú un lọ́wọ́ lè tẹ *565*0# kí BVN ẹni tó ni ín jáde. Nítorí náà, bí wọ́n bá jí fóònù ní ọjà, fóònù kọ́ ni wọ́n jí. Wọ́n á yọ síìmù rẹ̀ sínú fóònù tiwọn, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Síìmù ní PIN tirẹ̀, ọ̀tọ̀ sí ti fóònù: bí ẹ bá fi sí i, kò ní ṣiṣẹ́ nínú fóònù mìíràn àfi tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, bí wọ́n bá sì ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, á tì pa. Ẹ kọ nọ́ńbà PUK rẹ̀, èyí tí a fi ń ṣí síìmù tó bá ti tì, pa mọ́ sílé kí ẹ tó dán an wò. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni gbogbo rẹ̀ gbà mí.

Síìmù tí owó wà lórí rẹ̀ kì í lọ sí ọjà mọ́. Inú fóònù kékeré kan nílé ló wà. Èyí tí a fi ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù, kò so mọ́ báǹkì kankan. Ọmọ àbúrò mi lè lò ó bó ṣe wù ú.

Àkáǹtì kan ṣoṣo ni mo sì ní fún ọjà. Orúkọ tí mo fi sílẹ̀ ní CAC ni orúkọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè wá orúkọ yẹn lórí ìkànnì CAC kó rí i. Mo tẹ̀ ẹ́ sára gbogbo ọ̀rá èlùbọ́: bí orúkọ tó jáde kò bá jẹ́ èyí, ẹ dúró, ẹ pè mí. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì báǹkì bá kọ̀, oníbàárà á dúró di ọ̀la. Mo ti pàdánù ọjà bíi mélòó kan nítorí rẹ̀, mi ò kábàámọ̀.

Àwọn ọ̀rá àtijọ́ tún wà. Nọ́ńbà ìyá mi ni mo tẹ̀ sára wọn nígbà tó wà láyé. Lẹ́yìn tó kú, kò sẹ́ni tó lo síìmù náà. Nọ́ńbà tí a kò bá lò fún ìgbà pípẹ́, ilé-iṣẹ́ fóònù lè gbà á kí wọ́n sì tà á fún ẹlòmíràn. Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọkùnrin kan ló gbé e, ó fi èdè Haúsá dá mi lóhùn, ọmọ ọwọ́ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Mo tọrọ gáfárà, mo pa á. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí mo fi kó ọ̀rá mẹ́ta-lé-láàádọ́rin jáde nínú ṣọ́ọ̀bù, mo sun wọ́n.

Èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ kì í ṣe ti fóònù. Ìtìjú ni. Níhìn-ín, gbogbo wa la bára tan. Ẹni tó ní kí o ka nọ́ńbà fún òun lè jẹ́ ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó fẹ́ gba owó wọlé láti inú àkáǹtì ọjà rẹ lè jẹ́ díákónì ìjọ rẹ, kò sì ní ohun búburú lọ́kàn. Bí a bá kọ̀, wọ́n á ní owó ti ń gùn wá. Ó pẹ́ kí n tó rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi kọ̀ láìyájú. Ohun tí mo ń sọ báyìí ni, "Ẹ má bínú, bàbá, kì í ṣe tèmi, ti àwọn oníbàárà ni." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́, àyà mi já. Bàbá náà dákẹ́, ó wò mí, ó ní, "Ó dáa." Kò sì tún ìyẹn dá sílẹ̀ mọ́.

Ní oṣù kejìlá tó kọjá, fóònù mi bọ́ sómi. Mo fi ti ọmọ mi pe Ìyá Ìlọrin láti sọ fún un pé èlùbọ́ tuntun ti wọlé. Mo ní, "Okun o." Kì í ṣe ará ibí, ṣùgbọ́n ó ti mọ ìkíni wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kò jẹ́ mi. Ó ní, "Ta ni?" Mo ní èmi ni, Ìyá Kàbà. Mo ń gbọ́ ariwo gáréèjì lẹ́yìn rẹ̀, àwo ń dún mọ́ àwo.

Ó ní, "Kókó mélòó?"

Ìbéèrè tí àwa méjèèjì jọ fẹnu kò sí nìyẹn lẹ́yìn ọ̀ràn náà, a sì ti yí i padà kí n tó jókòó kọ èyí. Lọ́jọ́ yẹn, mo dúró díẹ̀ kí n tó lè dáhùn, torí ìyá mi ló wá sí mi lọ́kàn, àti abẹ́rẹ́ ńlá rẹ̀.

Mo ní, "Mẹ́ta."

Ó ní, "Ẹ kó àpò méjì sọ́kọ̀ fún mi."